Ọkọ̀ Odò Tí Wọ́n Ń Kó Yìnyín Sí

Ohùn igi kan ló gbé mi dìde lórí àga. Ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mo lọ ṣe ní ilé ìtura kan níbí ní Ìkàrẹ́. Ẹ mọ bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí: orúnkún tó ń dunni la fi bẹ̀rẹ̀, oògùn tí kò ṣiṣẹ́ la fẹ́ fi parí. Oorun ti ń gbé mi lọ nígbà tí ọmọkùnrin kan tó ń gbé ọtí kiri fi ìdí ìgò lu nǹkan kan ní iwájú gbọ̀ngàn: kó, kó, kó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé igi ni gbogbo igi ń jẹ́. Rárá o. Mo mọ ohùn igi yẹn bí mo ṣe mọ ohùn ìyá tó bí mi. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àjẹ̀ ni wọ́n fi máa ń lù ú bẹ́ẹ̀, kí ẹni tó kù lọ́nà lè sáré kí ọkọ̀ tó ṣí.

Mo rìn lọ síbẹ̀. Ọkọ̀ wa ni, ọkọ̀ Odò Ọ̀sẹ̀! Wọ́n ti fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán, wọ́n gbé e lé ẹsẹ̀ irin, wọ́n wé iná aláwọ̀ mèremère mọ́ ọn lára, wọ́n wá rọ yìnyín àti ìgò ọtí kún inú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé ojú mi ló ń ṣe mí. Mo fọwọ́ kan imú ọkọ̀. Páánù pélébé tí wọ́n kàn mọ́ ibi tí àpáta ti họ ọ́ ṣì wà níbẹ̀, ìṣó rẹ̀ wọ́ játijàti, nítorí pé Bàbá Ràbí, atukọ̀ wa, tó kàn án kì í ṣe káfíńtà. Mo rọ̀ mọ́ ọkọ̀ náà. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, wọ́n ní kí n jókòó.

Ọ̀kà ni wọ́n bí mi sí, lẹ́sẹ̀ òkè, ṣùgbọ́n òdìkejì Ọ̀sẹ̀ ni oko wa wà. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi, abà yá nìyẹn. Ràbí, ọ̀rẹ́ mi, abà yẹn gan-an ni ilé wọn, bàbá rẹ̀ ló sì ń tukọ̀. Igi ọ̀mọ̀ kan ṣoṣo ni àwọn bàbá wa gé, tí wọ́n fi àáké gbẹ́, tí wọ́n fi iná jó inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń ha èédú kúrò títí igi fi di ọkọ̀. Ará Ọ̀kà, ará Ìkàrẹ́, àwọn tó ti Ìṣùà wá dáko, gbogbo wọn ló ń wọ̀ ọ́, kálukú pẹ̀lú èdè ìlú tirẹ̀. Tí omi bá ti ń mi ọkọ̀ báyìí, gbogbo wọn á di Yorùbá lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á sì máa pe Ọlọ́run ní orúkọ tí oníkálukú mọ̀ ọ́n sí.

Olùkọ́ wa kan sọ nígbà náà pé àwọn ará etí òkun ló ń wakọ̀ ojú omi, pé àwa Àkókó, òkè àti àpáta ni tiwa. Ràbí nawọ́, ó ní bàbá òun ní ọkọ̀. Olùkọ́ ní irọ́ ló ń pa, ó ní kó kúnlẹ̀. Inú bí mi lọ́jọ́ náà. Mo ti di olùkọ́, mo ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń bí mi nínú.

Òfin ọkọ̀ náà kò pọ̀. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, apá abà ni wọ́n ń dè é mọ́, kì í ṣe apá ìlú, nítorí pé ẹni tí àìsàn bá kì mọ́lẹ̀ ní abà ni yóò wá ìlú lọ. Ta ni yóò sáré kúrò nílùú wá gba ìtọ́jú nínú oko iṣu? Òfin kejì ló le jù: a kì í fi ọkọ̀ du ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tọrọ rẹ̀, ẹ fún un, ẹ má bi í pé ìgbà wo ni yóò dá a padà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e wá, nítorí ó mọ̀ pé èèyàn ń dúró létí omi. Bí o bá lọ béèrè ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó yá a, o ti pè é lólè nìyẹn.

Mo rántí àwọn ará Arigidi kan tí wọ́n yá a lọ kó iṣu wọn. Wọ́n pẹ́. Ebi pa wá létí odò, ìyá mi ń ráhùn lábẹ́lẹ̀, Bàbá Ràbí ní tirẹ̀ kàn ń mu gààrí rẹ̀ bí ẹni pé òun ló jogún odò. Nígbà tí wọ́n dé, iṣu tó tóbi jù nínú ìkórè wọn ni wọ́n kó kalẹ̀ fún wa. Bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ mi. Ojú ń ti èèyàn.

Mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ilé ìtura náà, mo bi í pé ta ló gbé ọkọ̀ yìí wá.

"Mọ́mì, a ò jí i o," ló wí. "Ọ̀gá wa fẹ́ fi ṣe dẹkoréṣọ̀n fún ayẹyẹ kan. A lọ bá àwọn ará abà, wọ́n ní ká máa gbé e lọ. Wọn ò tiẹ̀ béèrè ìgbà tá a máa dá a padà. Áńtíìkì ni, Mọ́mì, nǹkan àtijọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń yàwòrán níbẹ̀."

Òótọ́ ló ń sọ, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì mo gun ọ̀kadà lọ sí odò. Òjò ti dé, Ọ̀sẹ̀ ti kún. Afárá tí wọ́n ṣèlérí fún wa láti ìgbà tí mo wà lọ́mọge, òpó méjì ló dúró láàárín omi, lékèélékèé nìkan ló ń jẹ ìgbádùn rẹ̀. Ràbí ni mo rí tó ń bọ̀ láti òdìkejì, ọ̀rẹ́ mi, ìyá àgbà bíi tèmi, ó rọ̀ mọ́ túùbù táyà, apẹ̀rẹ̀ ata lórí rẹ̀. Ó ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ará ilé ìtura wá tọrọ ọkọ̀. Ó ní ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, orí túùbù ni wọ́n gbé aboyún kan lé, àwọn ọkùnrin wẹ̀ yí i ká títí wọ́n fi mú un gúnlẹ̀. Ìyá àti ọmọ yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

"Kí ló dé tẹ́ ò lọ béèrè rẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. "Wọ́n á gbé e wá," ló wí.

Wọ́n á gbé e wá kẹ̀! Mo padà sí Ìkàrẹ́, mo wọ gbọ̀ngàn yẹn níṣojú àwọn àlejò wọn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ìgò kúrò nínú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Mo pariwo. Mo pè wọ́n lólè. Mo sọ ọ́ ní Yorùbá, mo tún un sọ lédè Ọ̀kà. Ọ̀gá wọn jáde, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ aboyún, tó sì rí i pé àwọn àlejò òun ti ń gbé fóònù sókè, ó ní kí wọ́n gbé ọkọ̀ wa sínú ọkọ̀ akẹ́rù, kí wọ́n dá a padà.

Létí odò, nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, la tó rí ìdí ọkọ̀ náà. Wọ́n ti lu ihò sí i, ihò roboto roboto, kí omi yìnyín lè máa jò jáde. Igi tí kò jẹ́ kí odò wọlé láti ayé àwọn bàbá wa! Mo bú sẹ́kún, kì í ṣe ẹkún àánú, ẹkún ìbínú ni.

Ràbí kò sunkún. Ó ti jókòó ti ọkọ̀, ó ń fi òwú àti ọ̀dà dí ihò náà, kò sì wojú mi.

"Ṣé lóòótọ́ lo lọ béèrè rẹ̀?"

"Mo béèrè o! Bí wọ́n bá tún padà wá tọrọ rẹ̀ ńkọ́?"

"A ó fún wọn."

Mo kígbe. Mo bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó fi ọwọ́ tó dúdú fún ọ̀dà nu imú.

"Ọjọ́ tí mo bá fi du ẹnì kan, ọkọ̀ ti di tèmi nìyẹn," ló wí. "Èmi ò sì fẹ́ ní ọkọ̀."

Títí di òní, mi ò gbà fún un. Òun ṣì ń gbé inú ayé tí ojú ti ń ti èèyàn, èmi ń gbé ní Ìkàrẹ́. Àmọ́ mo mọ̀ pé bí mo bá dé etí odò yẹn lọ́la láìní ohunkóhun lọ́wọ́, wọn yóò gbé mi kọjá, ẹnikẹ́ni kò ní bi mí pé ọmọ ta ni mí. N kò mọ ibòmíràn tí mo ti lè rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, mo ní kí wẹ́dà kan bá mi jó ṣéènì tó nípọn, mo ra àgádágodo sí i, mo gbé e lọ fún Ràbí kó fi de ọkọ̀. Ó dúpẹ́, ó gbàdúrà fún mi gidigidi. Nígbà tí mo tún lọ, okùn lásán ni Ràbí fi de ọkọ̀ lórí omi. Ewúrẹ́ rẹ̀ ló fi ṣéènì mi so.