Ọjọ́ Tí Alábẹ̀wò Wá Kà Wá ní Ìdí-Ọ̀sán

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ láti ọjà Ìwó lọ sílé, ìyá kan sì jókòó tì mí pẹ̀lú ìdì ewé tábà gbígbẹ lórí ẹsẹ̀. Kí a tó rìn jìnnà, òórùn ewé náà ti gba inú kẹ̀kẹ́. Awakọ̀ yọ orí síta, ó ń ráhùn. Omijé ti ń bọ́ lójú mi, ìyá yẹn sì rò pé tábà ló ta mí lójú, ó ń bẹ̀ mí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ̀ ọ́n. Òórùn yẹn ni òórùn Ìdí-Ọ̀sán, abúlé wa lọ́nà Olúpọ̀nnà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ilé tí kì í gbin tábà níbẹ̀. Bí ewé bá gbó, àwọn ọkùnrin á já a, àwọn ìyá wa á so ó mọ́ ọ̀pá gígùn, wọn á gbé e kọ́ sínú ilé alámọ̀ gíga kan tí wọ́n ń dáná sí, títí ewé tútù á fi pọ́n bíi wúrà. Oje rẹ̀ á dúdú mọ́ wa lọ́wọ́, ọṣẹ kì í bó o, ọwọ́ kíkorò yẹn náà la fi ń jẹ ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ sìgá á wá kó o lọ. Tábà ló kan páànù sórí ilé wa, òun ló kọ́ ilé-ìwé oníyàrá méjì fún wa.

Òun náà ló gbé bàbá ọ̀rẹ́ mi, Múnírátù, wá láti Kuta. Ọmọ náà mọ ènìyàn sín jẹ. Ó máa ń ṣe bíi Tíṣà Làmídì, bí tíṣà ṣe ń fa ṣòkòtò sókè kó tó nani, débi pé ẹni tí wọ́n fẹ́ nà gan-an á bú sẹ́rìn-ín.

Ọdún kan dé, ọkọ̀ kò wá. Wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n ní ó di oṣù tó ń bọ̀, ewé bu sínú àpò. Lọ́dún kejì, wọ́n ránṣẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ò ra tábà mọ́. Ìdílé kan kó lọ sí Ìbàdàn, òmíràn lọ sí Ìwó lọ ṣe bíríkìlà. A ó jí láàárọ̀, a ó rí ilẹ̀kùn tí wọ́n fi okùn dè. Bàbá Múnírátù kó àwọn tirẹ̀ padà sí Kuta.

Nígbà tó yá, àwa ọmọ mẹ́sàn-án péré ló kù nílé-ìwé. A gbọ́ pé alábẹ̀wò ń bọ̀ láti Ìwó, pé bí a ò bá pọ̀ tó, wọn á ti ilé-ìwé pa. Àwọn àgbà bẹ gbogbo ẹni tó ti kó lọ pé kí wọ́n yá àwọn lọ́mọ fún ọjọ́ kan. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ló kó wọn dé. Ọmọkùnrin kan wọ aṣọ ilé-ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Múnírátù náà wá, ó jókòó tì mí, inú mi dùn débi pé mi ò gbọ́ nǹkan tí tíṣà ń sọ.

Alábẹ̀wò náà jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó pe orúkọ, gbogbo wa jẹ́. Ó pa ìwé dé, ó bẹ̀rẹ̀ níwájú mi, ó ní ta ni ọ̀rẹ́ mi. Mo nawọ́ sí Múnírátù. Ó ní eré wo la jọ ṣe lánàá.

Mo ní, “A ò ṣeré lánàá, sà. Òní ni wọ́n gbé e wá láti Kuta. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n jẹ́ kó dúró.”

Tíṣà Làmídì kọjú sí ògiri. Alábẹ̀wò kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó lọ. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti ilé-ìwé pa, àwọn tó lọ́mọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó lọ. Àwọn ìyá tó máa ń pè mí ní ìyàwó wọn wá ń gba ọ̀nà ibòmíràn kọjá bí wọ́n bá rí mi.

Mo sunkún tọ bàbá mi lọ lóko, mo ní èmi ni mo tú abúlé ká. Ó fi ọkọ́ sílẹ̀.

“Ìwọ kọ́,” ó ní. “Tábà ló kó wa jọ. Nígbà tí wọn ò rà á mọ́, a tú ká. Òótọ́ lo sọ fún ọkùnrin yẹn.”

Ọ̀rọ̀ náà tù mí nínú. Àmọ́ oko ló ti sọ ọ́. Kò sọ ọ́ lójú àwọn ará abúlé títí tó fi kú. Mi ò rí Múnírátù mọ́. Wọ́n ní ó bá ọkọ lọ sí Àbíjàn.

Mo lọ sí Ìdí-Ọ̀sán lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Àwọn àgbẹ̀ láti Bẹ́núè ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, wọ́n ń gbin ẹ̀gẹ́, wọ́n ń yan gàrí. Àwọn ọmọ wọn ń sọ Yorùbá bíi tiwa, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rìn lọ sílé-ìwé ní Olúpọ̀nnà. Ọmọbìnrin wọn kan kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ń nawọ́ sí àwọn àlàpà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń dárúkọ onílé. Nígbà tí mo dé èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, mo rántí ìyá inú ilé náà, mo rántí ohùn rẹ̀ àti bó ṣe ń rìn, orúkọ rẹ̀ ni kò wá. Mo ro gbogbo ẹni tí mo lè bi, kò sí èyí tó ṣì wà láyé nínú wọn.

Ọmọ náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń wo ẹnu mi.