Ìkúnlẹ̀ Tó Fẹ́ẹ̀ Pa Àṣàkẹ́ Onídà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí, kí n ròyìn ohun tí ẹ̀kọ́ ilé fojú mi rí lórí fóònù. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀kọ́ ilé! Èyí tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi, òun ló fẹ́ẹ̀ ṣekú pa mí lójú ogun.

Kí ẹ tó máa wò mí bíi wèrè, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Ìyànà-Ìbà, níbi tí mo ti ń ṣe fọ́tókọ́pì, tí mo sì ń tẹ prójẹ́ẹ̀tì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí oníbàárà ò bá sí níwájú mi, jagunjagun ni mí.

Géèmù kan wà tí àwa kan ń ṣe nínú gúrúpù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ilẹ̀ Akin là ń pe ayé ibẹ̀. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnnì tí èèyàn ń tẹ̀ gbà-gbà-gbà. Ọ̀rọ̀ la fi ń jà! Kálukú ló ní akọni tirẹ̀. Ìwọ lo máa sọ ọ́ lórúkọ, ìwọ lo máa kọ ohun tó ń ṣe, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń jà á sì kọ tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ìjà ṣe ń lọ ni ìtàn ń lọ. Yorùbá la fi ń kọ gbogbo rẹ̀, ẹni tó bá ti da Gẹ̀ẹ́sì sí i, a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí á fi gbàgbé orúkọ ara ẹ̀.

Ó lófin o! Òfin tó ṣe kókó jù ni pé o ò gbọ́dọ̀ bá ọ̀tá rẹ pinnu ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Tí mo bá kọ pé, "Mo ju ọ̀kọ̀ sí i láyà," ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí mo bá kọ pé, "Ọ̀kọ̀ mi wọ̀ ọ́ láyà, ó ṣubú," mo ti ṣẹ̀. Ta ló fi mí ṣe Ọlọ́run? Ẹni tí mo ju ọ̀kọ̀ sí ló máa sọ ibi tó ti bá a, bóyá ó yẹ̀ ẹ́, bóyá ó gbà á léjìká. Àmọ́ kò gbọ́dọ̀ máa yẹ gbogbo rẹ̀ o. Ẹni tí idà kankan ò bá tíì ha lára rí, òpùrọ́ ni, adájọ́ á lé e kúrò lójú ogun.

Ikú gan-an, ẹni tó ni akọni nìkan ló lè kọ ọ́. Tí adájọ́ bá ti ní o pàdánù, ìwọ fúnra rẹ lo máa jókòó kọ bí akọni rẹ ṣe kú. Ó sì parí nìyẹn. A kì í jí i dìde, a kì í sọ ẹlòmíì ní orúkọ rẹ̀ láéláé.

Akọni tèmi ń jẹ́ Àṣàkẹ́ Onídà. Àṣàkẹ́ ni oríkì ìyá mi. Ìgbà tí Màámi kú ni mo dá a sílẹ̀. Mo fún un ní ẹ̀rín wọn, mo sì fún un ní bí wọ́n ṣe máa ń tún ìró wọn so gírígírí tí ìjà bá fẹ́ dé. Ẹ̀yin tí ẹ ti sin ìyá, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ pa Àṣàkẹ́, èmi àti ẹ̀ la jọ máa ná an tán bí owó!

Adájọ́ wa ni Tóbi, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó yá yàrá ní Ìbà. Òun ló dá gúrúpù náà sílẹ̀. Òun ló wá òfin àwọn òyìnbó tó ń ṣe irú géèmù yìí, tó sì túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Ọmọ dáadáa ni, àmọ́ tó bá ti di ọ̀rọ̀ òfin, orí kunkun rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ló bá kéde ìjà àjàkú akátá láàárín èmi àti Mọ́mì Òkókó.

Ẹ ò mọ Mọ́mì Òkókó? Tíṣà tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n, ní Òkókómáíkò, aládùúrà paraku tó ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì ìwé ìròyìn ìjọ wọn. Ọmọ wọn ló fi Ilẹ̀ Akin hàn wọ́n kí ọwọ́ wọn má bàa máa dilẹ̀. Akọni tiwọn ni Arógunyọ̀, obìnrin aláàáké. Ojú wọn ò láàánú rárá! Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, Mọ́mì yìí náà ló sì ń bẹ́ wa lórí níkọ̀ọ̀kan.

Ó láṣà kan níbi géèmù wa: kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, kálukú gbọ́dọ̀ lérí. Mọ́mì kọ́kọ́ kọ tiwọn. Wọ́n ní òjò ni Arógunyọ̀ fi wẹ̀ kó tó dé, ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn òun, ẹrẹ̀ náà mu èèyàn dé orúnkún, ibẹ̀ lòun sì máa sin Àṣàkẹ́ sí. Ẹ gbọ́ ẹnu ìyá ìjọ!

Ó wá kan èmi. Mo wo fóònù, fóònù ń wò mí. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ẹni tó bí ẹgbẹ́ mi pé màá bẹ́ ẹ lórí? Ẹni tí mo ń kúnlẹ̀ kí ní ṣọ́ọ̀bù? Ọwọ́ mi kọ̀. Mo bá kọ ọ́ báyìí:

"Àṣàkẹ́ dé ojú ogun. Ó rí Arógunyọ̀. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, 'Ẹ kú ìdúró, mà. Ẹ má bínú sí mi, ogun ló dé.'"

Mo fi ránṣẹ́, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Mo ń sọ fún ara mi pé ìyá mi á yọ̀ sí mi lọ́run.

N ò tíì so prójẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ mi pọ̀ tán tí fóònù fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Tóbi ló kọ̀wé. Ó ní òfin sọ pé akọni tí orúnkún rẹ̀ bá ti kanlẹ̀ níwájú ọ̀tá ti juwọ́ sílẹ̀. Ó ní ìjà ti tán, Mọ́mì ló borí, kí èmi Àǹtí Bùkọ́lá jọ̀wọ́ kọ ikú Àṣàkẹ́.

Kí ni?!

Ẹ gbà mí o! Ara mi bù máṣọ. Àwọn kan nínú gúrúpù ń sunkún, àwọn aláìláàánú ń rẹ́rìn-ín. Mo pe Tóbi lórí fóònù. Mo bi í pé ìwọ yìí, tó o bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ṣé o kì í dọ̀bálẹ̀ fún mi? Ṣé o juwọ́ sílẹ̀ ni? Ó ní Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, pé níbi tí òfin náà ti wá, wọn kì í fi orúnkún kí èèyàn. Mo ní ta ló wá gbé e wá sí Ọ̀jọ́ tiwa níbí? Ó ní òun á tún un ṣe fún ìjà tó ń bọ̀ lọ́nà, ṣùgbọ́n èyí ti lọ. Mo gbé fóònù jù sórí tábìlì.

Ẹ wò ó, gbogbo wa la ka òfin yẹn nígbà tá à ń wọlé. Gbogbo wa! Kò sẹ́nì kankan tó rántí pé ọmọ Yorùbá ò lè pàdé àgbà kí orúnkún ẹ̀ má kanlẹ̀.

Àwọn èèyàn ní kí n gbé ọkàn kúrò níbẹ̀, pé kí n lọ dá akọni míì sílẹ̀. Ìyá míì ńkọ́? Ṣé màá dá ìyẹn náà sílẹ̀? Àwọn àgbà ní bá a bá ń jà, bíi ká kú kọ́. Nínú Ilẹ̀ Akin, bíi ká kú ni o, àmọ́ kì í ṣe lórí "ẹ kú ìdúró, mà"! Mo pinnu pé tí Àṣàkẹ́ bá máa kú, idà ọwọ́ ẹ̀ á ti mu ẹ̀jẹ̀ ná.

Mo bá ṣí òfin, mo ń kà á bíi wí pé ìdánwò ni. Kí ni mo rí? Òfin tó ṣe kókó jù yẹn náà ni! Ohun yòówù tí akọni mi bá ṣe sí ẹlòmíì, ẹni tí wọ́n ṣe é sí ló máa sọ bó ṣe bá òun. Ìkíni ni mo fi ránṣẹ́ sí Arógunyọ̀. Kí ló kan adájọ́ nínú ìkíni tí wọn ò kí i? Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú gúrúpù.

Nígbà tó yá, Tóbi ní òótọ́ ni. Ó ní tí Mọ́mì bá kọ pé ìkíni ni, ìjà bẹ̀rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ pé ó juwọ́ sílẹ̀, kí Àṣàkẹ́ máa lọ sọ́run.

Mọ́mì ka gbogbo ẹ̀. Wọn ò fọhùn.

Ṣé ẹ rò pé màá jókòó máa retí? Mo ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan, mo bọ́ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Òkókó. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ, fóònù wà lórí itan wọn. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n ní ìwọ ọmọ yìí, o tún ti bẹ̀rẹ̀!

Mo ní Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé mi ò juwọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Kí ló wá dé tí ẹ ò kọ ọ́? Ni wọ́n bá gbé àtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Wọ́n ní láti ọjọ́ tí àwọn ti fẹ̀yìntì, ńṣe ni gbogbo ayé ń gbé àwọn bí ẹyin. Tí àwọn bá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní Mọ́mì, ẹ jókòó. Tí àwọn bá gbé báàgì, wọ́n á ní Mọ́mì, ẹ gbé e fún wa. Wọ́n ní Ilẹ̀ Akin nìkan ló kù tí èèyàn ti ń dojú kọ àwọn. "Ìwọ wá dé ojú ogun, ò ń bẹ̀ mí kó o tó lù mí! Ṣé mo ní kó o ṣàánú mi ni?"

Mo rò pé ọ̀wọ̀ ni mo bù fún wọn. Àṣé àbùkù ni mo fi kàn wọ́n. Ojú tì mí, kí n má parọ́.

Mo ní Mọ́mì, ẹ gbà á bí ìkíni. Lẹ́yìn ìyẹn, màá bá yín jà bíi pé mi ò mọ̀ yín rí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n fa àtẹ wọn mọ́ra, wọ́n ní kí n máa lọ ilé mi.

Inú kẹ̀kẹ́ ni mo wà tí èsì fi dé:

"Arógunyọ̀ gba ìkíni náà. Ó ní, 'Ọlọ́run á wò ọ́, ọmọ mi. Dìde.' Bí Àṣàkẹ́ ṣe ń dìde lọ́wọ́, Arógunyọ̀ na àáké sí i lọ́rùn."

Yéè! Mo pariwo débi pé ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ bi mí bóyá mo ti kọjá ibi tí mò ń lọ. Ẹ rí ìyá yìí! Ó ní kí n dìde, ó tún ń fi àáké pàdé mi!

Bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà lórí ìkúnlẹ̀ ò lè yẹ àáké bọ̀rọ̀. Òótọ́ lòótọ́ ń jẹ́. Mo kọ ọ́ pé Àṣàkẹ́ yí ọrùn kúrò, àáké bá a lápá òsì, apá já bọ́. Ó dùn mí bí ẹni pé tèmi ni. Mo wá kọ ọ́ pé ìró ẹ̀ tú, ó fi eyín di etí kan mú, ó fi ọwọ́ ọ̀tún fa èkejì, ó so ó gírígírí. Lẹ́yìn náà ló wá fa idà yọ.

Ni ìjà bá dé! Mo kọ, wọ́n kọ. Mo gé wọn nítan, wọ́n fi èèkù àáké gbá mi lẹ́nu. Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ kan gbé ìwé wá fún fọ́tókọ́pì, ẹ̀yìn ìwé tí nǹkan kan ò sí ni mo ṣe fún un pelebe. Kí ló kàn mí!

Àáké Mọ́mì gùn ju idà mi lọ, mi ò lè sún mọ́ wọn. Ni mo bá padà lọ ka ìlérí tí wọ́n kọ níbẹ̀rẹ̀. Ẹyin lohùn, ẹ̀yin èèyàn mi! Ohun tó bá ti wọ inú ìtàn wa, kò sẹ́ni tó lè pa á rẹ́. Ta ló ní ẹrẹ̀ wà lẹ́yìn Arógunyọ̀? Ta ló ní ó mu èèyàn dé orúnkún?

Mo kọ pé Àṣàkẹ́ ò wo àáké mọ́. Ó sáré wọlé pẹ̀lú ejìká tí kò lápá yẹn, ó fi gbogbo ara ti Arógunyọ̀ sẹ́yìn, síbi ẹrẹ̀. Ó na idà sí i lọ́rùn. Mo dúró síbẹ̀, torí ìyókù kì í ṣe tèmi láti sọ.

Ó kan Mọ́mì. Wọ́n wá kọ ọ́:

"Arógunyọ̀ wọ ẹrẹ̀ tó fi ẹnu ara ẹ̀ pè. Ó rẹ́rìn-ín. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fọ́mọdé, nítorí náà ó jókòó. Ó tẹ́ àáké rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, 'Àṣàkẹ́, ìyá rẹ bí ọ ire.' Ó di ojú rẹ̀. Ó kú."

Mi ò sọ fún wọn rí pé oríkì ìyá mi ni. Mo gbé orí lé ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì, mo sunkún níṣojú àwọn oníbàárà.

Tóbi ti tún òfin yẹn kọ: ẹni tí wọ́n bá kúnlẹ̀ fún ló máa sọ ohun tí ìkúnlẹ̀ náà jẹ́. Mọ́mì ti dá akọni míì sílẹ̀, ọmọdébìnrin aláfojúdi kan tí kì í kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí wọ́n tún wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo kúnlẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn ni mò ń wò!

Ohun tí mo kọ́ ni pé kíkí àgbà dáa, ẹ máa kí wọn. Ṣùgbọ́n tí àgbà bá fúnra ẹ̀ wọ ojú ìjà, ẹ fún un ní gbogbo agbára yín, torí ìyẹn náà wà lára ọ̀wọ̀. Ohun tí ẹ bá sì fẹ́ràn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òfin tí òun fúnra ẹ̀ ò kà dé ìdí gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ṣé ẹ̀kọ́ ilé ti kó yín sí wàhálà rí? Ṣé àgbà kan ti bínú sí yín rí torí pé ẹ bọ̀wọ̀ fún un jù? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á. Ẹni tó bá sì rò pé òun lè bá Àṣàkẹ́ Onídà jà, kó wọlé wá. Ọwọ́ kan ṣì kù fún un.