Ẹni Tó Máa Bá A Sọ̀rọ̀

Ìyá Fọ́ọ̀mù ni wọ́n ń pè é nílé ìwòsàn, torí òun ló ń kọ fọ́ọ̀mù tó fi ń bá àwọn òbí wá olùtọ́jú ìrònú àti ọkàn tó bá ọmọ wọn mu. Ọdún kọkànlá rèé. Ó ti sú u, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti wú nínú bàtà.

Ìgbà kẹta nìyí tí tọkọtaya tó jókòó níwájú rẹ̀ ń mú ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, padà wá.

Bàbá ní, “Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ la ṣáà fẹ́.”

Ohun tí wọ́n sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà nìyẹn, òun sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀. Ó wo orúkọ olùtọ́jú méjì tó ti fagi lé. Àwọn méjèèjì mọ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni tó lá oyin. Ó mí kanlẹ̀. Bí òbí bá ní kéèyàn bá ọmọ òun sọ̀rọ̀, ṣebí ẹni tó máa bá a wí ló ń wá. Òun tó bímọ mẹ́rin, kò rò ó débẹ̀.

Ó bi ọmọ náà pé, “Ìwọ ńkọ́? Irú ẹni wo lo fẹ́?”

Ìyá ọmọ ti lanu. Ìyá Fọ́ọ̀mù nawọ́ dá a dúró.

Ọmọ náà ní, “Ẹni tó máa jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ mi tán.”

Orúkọ olùtọ́jú obìnrin kan wà nísàlẹ̀ ìwé tí wọ́n to orúkọ wọn sí, ẹni tí àwọn òbí máa ń fẹjọ́ rẹ̀ sùn pé ńṣe ló kàn ń woni. Ìyá Fọ́ọ̀mù kọ orúkọ rẹ̀.

Bàbá béèrè pé, “Ṣé ó mọ ọ̀rọ̀ sọ?”

“Kò mọ̀ ọ́n sọ rárá, sà.”