Wọ́n Ní Iṣẹ́ Èṣù Ni

Òórùn ẹ̀wà tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò ló máa ń kọ́kọ́ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ọgbà ẹ̀wọ̀n kan l'Ọ̀yọ́, láyé ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Obìnrin kan tó kàwé nípa ìtọ́jú ọkàn ló bẹ̀ mí kí n máa bá òun jókòó ti àwọn ọkùnrin tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n nítorí ìfipábánilòpọ̀. Kì í bú wọn, kì í sì í kẹ́ wọn. Yóò béèrè ilé, yóò béèrè ìyá, títí ojú yóò fi mọ́ra. Ó ní ẹni tí kò bá rí ẹni finú hàn kò lè jẹ́wọ́. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi ru èṣù. Lọ́jọ́ tí ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ kan gbàgbé, àwọn yòókù fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Èṣù dà? Pè é wá, kó wá bá wa ṣẹ̀wọ̀n."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tún sunkún, ó wá ní, "Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn."

Nígbà tó jáde lẹ́wọ̀n, mo bá a lọ sílé wọn nítòsí Takie, l'Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá ọmọbìnrin tó fipá bá lò pọ̀ ti gbà láti wá. Ọmọ rẹ̀ ṣì ń béèrè bóyá òun lòun fà á. Ẹnu ẹni tó ṣe é ló fẹ́ ti gbọ́ ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àṣà wa: àgbà ló ń bá ọmọ bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ẹ má bínú, ìyá wa. Iṣẹ́ èṣù ni."

Ọmọkùnrin náà ní, "Kì í ṣe èṣù, bàbá."

Wọ́n pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ti sọ ọ́ di aláìnítìjú, wọ́n tì í wọ yàrá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí alákọ̀wé fara balẹ̀. Ìyá náà dìde.

"Ẹ̀bẹ̀ yín tó. Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́."

Àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Láàárín àdúrà la gbọ́ ohùn lẹ́yìn kọ́tìnì: "Ìyá, ọmọ yín kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Ìyá ọmọbìnrin náà ní òun gbọ́. Kò dúró ṣe àmín.

Inú ṣì ń bí mi, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀bẹ̀ tó bá gba ẹ̀ṣẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó dá a, orí ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ ló ń gbé e kà.