Eré Ìdojúbolẹ̀ ní Kakuri

Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Aṣọ ni mo ń hun nílé iṣẹ́ kan ní Kakuri nílẹ̀ Hausa, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi àwọn tó mọ̀ mí nígbà náà, wọ́n á ní eléré pákó ni mí. Pákó gbọọrọ kan ni, tí a kan béárìn mẹ́rin mọ́ nísàlẹ̀, àwọn irin róbótó tí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wa ti lò gbó. A ó dojú bolẹ̀ lé e, orí níwájú, ẹsẹ̀ lẹ́yìn, gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ títì á sì máa gbé wa lọ. Bàtà táyà ẹsẹ̀ wa ni búréèkì. Ẹni tó bá gbórí sókè pé òun fẹ́ wẹ̀yìn, ó ti ṣubú nìyẹn.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi sá eré yìí, lọ́jọ́ ìsinmi ọdún tí mọ́tò kì í gba ibẹ̀. Mo dúpẹ́ pé eyín mi ṣì pé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin Hausa kan tó ń tún ẹ̀rọ wa ṣe, ẹni tó máa ń ṣa béárìn tó dáa jù sílẹ̀ fún mi.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba ipò kìíní, bàbá mi ò sì sí níbẹ̀. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní rélùwéè. Ó ní, "Àgbà là ń dọ̀bálẹ̀ fún. Ta wá ni ìwọ ń dọ̀bálẹ̀ fún lórí ọ̀dà?"

Lọ́dún tó fẹ̀yìn tì, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì nílé wa ní Trikania. Ọjọ́ kejì eré ni yóò wọ rélùwéè lọ sílé pátápátá. Mo bá a níbi tó ti ń fi òrí pa orúnkún rẹ̀ tó ń ro ó. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò mí lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fẹ́ gba ipò kìíní lójú yín." Ó ní òun á rò ó.

Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ eré náà. Wọ́n fọn fèrè, mo fò lé pákó, kò yá! Àwọn yòókù ń kọjá lára mi fìrì, fìrì. Nígbà tí mo dé ibi tí títì ti tẹ́jú díẹ̀ láàárín, pákó dúró gbagidi. Èrò ń kígbe, "Kai!" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo dojú bo ọ̀dà níbẹ̀, ẹkún ń gbọ̀n mí.

Ṣàdédé ni ọwọ́ méjì di àtẹ́lẹsẹ̀ mi mú, ó ń tì mí. Inú bí mi, torí ẹni tí wọ́n bá tì, ó ti jáde nínú eré nìyẹn. "Ta nìyẹn? Fi mí sílẹ̀ jàre! O ti bà á jẹ́!"

"Èmi ni," bàbá mi ló dáhùn, ó ń mí hẹlẹ. "Má wẹ̀yìn o. Mo yá òrí níná láàárọ̀, mo fi pa irin yẹn fún ẹ, kó lè yọ̀."

Òrí! Nínú ọyẹ́! Òrí ló fi ń wo ikọ́, òun ló fi ń pa ilẹ̀kùn tó bá ń han. Ó gbàgbé pé tó bá kúrò nídìí iná, yóò tún dì ni. Ó tì mí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú orúnkún yẹn. Àwọn èèyàn ń kí i, "Sannu, Baba!" Èmi ò kí i. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi sùn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ru ẹrù rẹ̀ lọ sí rélùwéè. Mo yíjú, mo rí i tó ń tiro bọ̀ lẹ́yìn, ó ń di ògiri mú. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo sọ ẹrù kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún un níbẹ̀, àyà àti àgbọ̀n lórí sìmẹ́ńtì, lójú gbogbo èrò.

"Bàbá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé gan-an."

Ó fi bàtà tọ́ mi lẹ́sẹ̀ pẹ́pẹ́. "Dìde jàre," ó ní. "Kò sí gẹ̀rẹ́gẹ́rẹ́ níbí, mi ò sì lè tì ẹ́ mọ́."

Mi ò tètè dìde.