Igun Mẹ́rin Ilẹ̀ Lọ́yà Olówòkéré

Owó ẹja yíyan ni Àrìnpé ará Ugbonla fi rán Ayọ̀délé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ òfin. Nígbà tí ó padà dé, tí ó di Lọ́yà Olówòkéré, ilẹ̀ etí òkun ni ó ń fi owó iṣẹ́ rẹ̀ rà. Àwọn apẹja a máa kígbe láti inú ọkọ̀ wọn pé, "Lọ́yà, ṣé o ti ra ìgbì náà mọ́ ọn?"

Ṣe ni ó ń rà sí i. Lójú tirẹ̀, ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ ní ìlú baba rẹ̀, àlejò ni yóò fi ibi tí yóò jókòó sí hàn án.

Ó ri òkúta sọ̀féè mẹ́rin tó ń fi ààlà hàn mọ́ ilẹ̀ àkọ́rà. Ìyá rẹ̀ wò wọ́n, ó mi orí.

"Ọmọ mi, òkúta kò mọ ẹrọ̀fọ̀ wa. Òpó ni a fi ń mọ ibùgbé ẹni níbí."

"Yèyé, ilé ẹjọ́ kò mọ òpó."

 Àrìnpé gbẹ́ ojú àáké mẹ́ta, àmì ìdílé rẹ̀, sí ara òpó igi líle mẹ́rin, ó pe àwọn aládùúgbò, wọ́n sì gbá wọn wọlẹ̀ ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ní ọdún kejì ó kú. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí.

Láàárín ogójì ọdún, òkun gbé gbogbo ilẹ̀ Lọ́yà mì, ó sì gbé sàréè Yèyé mọ́ ọn. Ni ilé-iṣẹ́ kan bá dé, ó fẹ́ da iyanrìn síbẹ̀ kọ́ èbúté, ó ní kò sí ẹni tó ni omi. Lọ́yà ti di ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ó pè wọ́n lẹ́jọ́.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ wọ ọkọ̀ wá wo ibẹ̀. Ó béèrè òkúta ààlà. Wọ́n ti ọ̀pá bọ omi títí, kò kan òkúta kankan. Agbẹjọ́rò ilé-iṣẹ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìwé sọ̀féè wúwo lọ́wọ́ Lọ́yà bí òkú ẹja.

Moríkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, gba ọ̀pá lọ́wọ́ atukọ̀.

"Ayọ̀délé, ìwé rẹ ti sọ tirẹ̀. Ó ku ti Yèyé."

Ó ti ọ̀pá sísàlẹ̀. Kọ̀ọ̀! Apẹja kan, Godspower, bẹ́ sómi. Ó pẹ́ kí ó tó yọrí.

"Olúwa mi, ojú àáké mẹ́ta ni ọwọ́ mi bà."

"Àmì ta ni?" Adájọ́ béèrè.

"Ti Àrìnpé. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Ugbonla?"

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n bá a ní igun mẹ́ta yòókù.

Ilẹ̀ kan ṣoṣo yẹn ni Lọ́yà jàre lé lórí. Àwọn yòókù, tí òkúta nìkan ṣọ́, bá omi lọ. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà tún ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ rà á, ó dá ìwé wọn padà láìṣí i.

"Ẹ sọ fún wọn pé ìyá mi ń gbé ibẹ̀."