Àwo Mẹ́fà Tí Ìyá Àgbà Ní Kí N Kà

Ẹ jẹ́ kí a kan sáárá sí àwa ará ìgbèríko Ìbàdàn, nítorí kò sí ẹ̀dá mìíràn tó mọ bí a ti ń pín ọjọ́ orí tó wa. Tí a bá dé ọ́fíìsì ìjọba, a ó yọ ọdún mẹ́jọ kúrò lára tiwa. Tí a bá padà délé, a ó kó ọdún mẹ́jọ náà, a ó fi kún ti aago ara ògiri, ti àga ìjókòó, ti àwo inú kọ́bọ́ọ̀dù. Bàbá tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún láti ìgbà tí mo ti dáyé ni yóò nawọ́ sí ife tí wọ́n rà lọ́jà lọ́dún tó kọjá, tí yóò sọ fún àlejò pé, "Ìgbà tí òyìnbó kọ́kọ́ dé nìyẹn." Ẹ̀bùn ńlá ni. Kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí mo rò nígbà kan nìyẹn.

Ọdún kan àti oṣù díẹ̀ ni mo lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí mo lọ gba oyè kejì ní yunifásítì. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, mo máa ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àlòkù, ibẹ̀ ni ìyá arúgbó kan ti kọ́ mi bí a ti ń mọ ọjọ́ orí àwo tánńganran. Ẹ̀kọ́ náà kò le. Èèyàn yóò dojú àwo délẹ̀, yóò sì ka àmì tí ẹni tó ṣe é tẹ̀ sí ìdí rẹ̀. Bí àmì náà kò bá dárúkọ ilẹ̀ kankan, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ gan-an. Bí ó bá dárúkọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan, ó lè ti tó ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí ó bá wá ṣàlàyé gígùn pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ti ẹ̀yìn ìgbà náà ni. Adé tí wọ́n yà síbẹ̀ kò sọ pé ọba jẹun nínú rẹ̀ rí, gbogbo wọn ló ń ya adé. Ọdún tí wọ́n bá sì kọ síbẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, ọdún tí wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n ṣe àwo. Nígbà tí ó sọ èyí, mo bú sẹ́rìn-ín. Mo rò pé ará Ìbàdàn ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Ìmọ̀ náà gùn mí bí ẹṣin. N kò lè jókòó sídìí oúnjẹ mọ́ kí n má wo ìdí àwo. Nílé olùkọ́ kan tó gbà mí lálejò, mo gbé àwo sókè láti wo àmì rẹ̀, mo gbàgbé pé ọbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí mo sì ń ròyìn gbogbo rẹ̀ fún lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń ta pákó ní Adégbayì. Òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú bàbá wa. Òun ló ra bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ lọ sílé ẹ̀kọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, n kì í bi í lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá àgbà wa, tí wọ́n ń gbé lábúlé ní apá Lágelú, ní àwo mẹ́fà àti abọ́ kan tó ní ọmọrí, gbogbo wọn ní òdòdó aláwọ̀ aró létí. Bàbá àgbà ló ń bá òyìnbó kan wọn kòkó nígbà ayé wọn. Nígbà tí òyìnbó náà ń padà sílé, ó kó àwọn àwo náà fún wọn, ó ní ti ìyá òun ni. Ìyá àgbà kò jẹun nínú wọn rí. Ṣùgbọ́n tí àlejò pàtàkì bá wọ agbo ilé, wọ́n máa ń yá ẹni tó bá fẹ́. Nítorí náà, bí gbogbo obìnrin ilé wa ti ń ṣe kí àwo wọn má bàa pòórá lẹ́yìn ìnáwó, ìyá àgbà fi ọ̀dà sàmì sí ìdí wọn: ẹ̀kán ọ̀dà mẹ́ta, ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí wọ́n fi kun fèrèsé. Ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n máa ń kán an sí, wọn kì í jẹ́ kó kan ìwé òyìnbó tó wà láàárín. Wọ́n ní ẹni tó ṣe é ti kọ tirẹ̀, kí àwọn wá ibòmíràn kọ tàwọn. Gbogbo ẹbí ló sì mọ̀ pé àbúrò mi obìnrin, òun nìkan lobìnrin láàárín wa, ni yóò kó àwọn àwo náà lọ sílé ọkọ.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù ya ìdí àwo náà hàn mí.

"Ẹ sún un mọ́ ọn, Bọ̀ọ̀dá. Kí ló kọ síbẹ̀?"

"Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò kọ nǹkan míì."

"Háà! Ẹ rọra gbé e sílẹ̀ o. Ṣé ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín?"

"Dókítà àwo," ló ń pè mí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tó o bá dé, wàá bá wa wo ọjọ́ orí ìkòkò àmàlà náà."

Mo sọ fún un bí àwọn olówó ti ń wá irú àwo bẹ́ẹ̀ kiri. Mo tún bù díẹ̀ lé e, kó lè mọ̀ pé òkè òkun ni mo wà lóòótọ́.

Nígbà tí mo dé, ìgbéyàwó àbúrò mi ku oṣù méjì. Ojú ìyá àgbà ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n ní kí n kó àwọn àwo náà jáde, kí n ka ohun tó wà nídìí wọn sókè, kí ọmọbìnrin náà lè mọ ohun tó ń gbé lọ. Mo dojú àkọ́kọ́ délẹ̀. Ẹ̀kán ọ̀dà mẹ́ta náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìwé òyìnbó gan-an ni wọ́n jókòó sí. Mo fi èékánná họ ọ́, ó sì ṣí bí èèpo. Ohun tí mo kà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni pé a lè gbé àwo náà sínú máíkírówéfù.

Mo wo ìkejì. Mo wo gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Abọ́ ọlọ́mọrí nìkan ló ṣẹ́ kù nínú ti òyìnbó náà, bóyá nítorí pé wọn kò rí ìkejì rẹ̀ lọ́jà.

"Kí ló dé tó o dákẹ́, ọkọ mi?"

"Mo gbàgbé awò ojú mi ni, Ìyá. Ó di ọ̀la."

Mo gun ọ̀kadà lọ sí Adégbayì. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó síwájú pákó rẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Bọ̀ọ̀dá, àwo ìyá dà?"

Kò béèrè pé àwo wo. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀.

"Ta ló ń jẹun nínú wọn?" ló wí.

"Ẹ jókòó, ẹ rọra ń kán ọ̀dà sí i, ẹ̀kán mẹ́ta mẹ́ta!"

"Ìwọ lo kọ́ mi. Àwo lásán ni mo pè wọ́n kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri ló kó wọn lọ, n kò mọlé rẹ̀."

"Àbúrò wa ńkọ́?"

"Tuntun ló máa gbé lọ, kí ló tún fẹ́?" Ó ju èèpo ẹ̀pà nù. "Ó dáa, lọ sọ fún ìyá. Sọ fún wọn pé èmi tí mò ń gbé wọn lọ sọ́sípítù ni mo jí àwo wọn. Kí a wá wo ẹni tí wọ́n máa gbà kó gbé wọn lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìwọ tó o tún ń padà lọ síbi iṣẹ́ rẹ?"

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò tijú. Ó tilẹ̀ bu ẹ̀pà fún mi, mo sì gbà á kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, àbúrò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Wọ́n gbé àwo kan lé ẹsẹ̀, wọ́n ń fi ìka tọ etí rẹ̀ yípo.

"Ó jọ pé ó fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ni wọ́n wí. Wọ́n nà án sí mi. "Kà á."

Ọdún díẹ̀ ti kọjá. Inú àwọn àwo náà ni àbúrò mi àti ọkọ rẹ̀ ń jẹun, ó sì ń sọ fún àlejò pé wọ́n ti lé ní igba ọdún. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ìyá àgbà lọ sọ́sípítù títí dé ìgbà ìkẹyìn, kò pa ọjọ́ kan jẹ. Mo ṣì ń kí i, mo ṣì ń pè é ní Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n n kò tíì dárí jì í, n kò sì lè jókòó tì í fún wákàtí kan láìrántí àwọn ẹ̀kán ọ̀dà náà.

Tí n bá ń bínú sí i, ọjọ́ tí mo gba àwo lọ́wọ́ ìyá àgbà ni ọkàn mi máa ń padà sí. Mo yí ìdí rẹ̀ sí ara mi kí àbúrò mi má bàa rí i. Ojú mi wà lórí máíkírówéfù náà, mo sì ní, "Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, Ìyá. Ti ìyá òyìnbó náà ni lóòótọ́." Wọ́n ní, "O ṣeun, ọkọ mi." Ẹ̀gbọ́n mi tàn wọ́n jẹ. Èmi náà tàn wọ́n jẹ.